Amọ̀ Kọ́ Ló Wó Ilé Ìyá Mi

Títí di òní olónìí, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà ní Benin bá fẹ́ kọ́lé, wọn a ní kó má ṣe bíi ti ìyá mi. "Amọ̀ ló wó ilé Màmá," ni wọ́n ń wí. Irọ́ ni. Mo ti sọ ọ́ nínú ìpàdé. Mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún akọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé búlọ́ọ̀kù kan lọ sórí tábìlì níwájú wọn kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì wò ó bí ẹni tó ń wo òkú eku. Nítorí náà, n ó kọ ọ́ sílẹ̀ níbí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, n ó sì fi ẹ̀bi sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, títí kan èyí tó jẹ́ tèmi.

Tíṣà ni ìyá mi, opó sì ni. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ilé onílé la ń gbé, láti àdúgbò kan sí òmíràn. Onílé kan wà tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kó lè mọ iye omi tí a fi wẹ̀. Òmíràn yọ ilẹ̀kùn yàrá wa lọ pátápátá nítorí pé owó ilé pẹ́ díẹ̀. Ìyá mi fi ìró rẹ̀ ta ẹnu ọ̀nà, ó wọ bàtà, ó gba iléèwé lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tì í. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń pàṣẹ oúnjẹ ní búkà. "Yàrá méjì, pálọ̀ kan, ilé ìdáná kan. N ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ilẹ̀ wà. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ rà á sí Uwasota, nínú Benin náà, nígbà tí ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì kún ibẹ̀. Ìpìlẹ̀ náà wà, wọ́n ti da kọnkéré sí i, koríko sì ti ga kọjá orúnkún lórí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá ṣetán láti tẹ̀ síwájú ni sìmẹ́ǹtì tún máa ń wọ́n sí i.

Èmi kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní yunifásítì, ní àkókò tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ sọ ọdún márùn-ún di méje. Ní ọdún kan níbẹ̀, wọ́n kó wa lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. N kò gbàgbé ibẹ̀. Òkè tí wọ́n gé bí ẹni gé búrẹ́dì. Eruku funfun lórí ewé, lórí páànù, lórí aṣọ tí wọ́n sá. Obìnrin kan ní abúlé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bu omi fún wa mu, ó sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ ré eruku kúrò lójú omi náà, láìwo ọwọ́ rẹ̀, bí ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun mìíràn tí a lè fi kọ́lé. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí búlọ́ọ̀kù amọ̀: ilẹ̀ pupa tí a sẹ́, tí a fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ péré àti omi díẹ̀ pò, tí a wá fi ẹ̀rọ onírin ọlọ́wọ́ gígùn tẹ̀ títí yóò fi le. A kì í sun ún níná. Ibi tí a bá ti fẹ́ kọ́lé la ti ń gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ta ló sì ní ilẹ̀ pupa tó Benin?

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde, mo sọ fún ìyá mi pé a lè fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ilé rẹ̀.

"Ilé alámọ̀, Ẹnjiníà mi?" Ẹnjiníà ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí.

"Kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀, Màmá."

"Irú èyí tí mo mọ̀ ni mo sá kúrò nínú rẹ̀ ní abúlé."

Bíríkìlà àgbà kan ló bá mi yí i lọ́kàn padà. Ọmọ Edo ni, gbogbo wa ń pè é ní Pa, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀. Ó mú wa lọ sí ilé baba rẹ̀ ní Ogbe, ilé tí wọ́n fi amọ̀ pupa mọ ní ìpele ìpele, tí wọ́n fi ọwọ́ dán títí ara rẹ̀ fi ń kọ mànà. Òde ń jóni lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe wọlé, ara tù wá bí ẹni tó bọ́ sábẹ́ igi.

"Touch am, Mama," ni Pa wí. "My papa papa build am. Rain dey beat am since."

Ìyá mi fọwọ́ kàn án. Ó tún fi etí sí i, n kò mọ ohun tó ń gbọ́. Nígbà tí a ń padà lọ sílé ló ní, "Kò dà bíi tiwa. Ọ̀dọ̀ wa, a kì í ní sùúrù fún un."

A ya ẹ̀rọ ìtẹbúlọ́ọ̀kù, a bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi máa ń wá lẹ́yìn tí iléèwé bá ti pa. Pa kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ̀ bí amọ̀ bá ti pò dáadáa: a ó fún un lọ́wọ́ bí ẹni fún ẹ̀bà, a ó jù ú sílẹ̀ láti èjìká. Bó bá tú bí iyẹ̀fun, omi rẹ̀ kò tó. Bó bá pẹ́lẹ́bẹ́ sílẹ̀, omi ti pọ̀ jù. Bó bá fọ́ sí bíi mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ. A jókòó lórí garawa tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, a máa ju amọ̀, a máa pariwo, "Èyí ti mutí yó! Ẹ fi ilẹ̀ kún un!" Pa a máa rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí ìyá mi kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tún rí i bẹ́ẹ̀ mọ́.

A fi ọ̀rá bo àwọn búlọ́ọ̀kù náà, a ń wọ́n omi sí wọn títí wọ́n fi gbó. A mọ ilé náà. A kan òrùlé rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó yọ jáde dáadáa kí òjò má baà máa gbá ògiri. Ó kù kí a rẹ́ ara rẹ̀. Amọ̀ kan náà tí a sẹ́ kúnná ni a fẹ́ fi rẹ́ ẹ. Pa kìlọ̀ fún wa, ó nàka sí mi, kì í ṣe sí ìyá mi: "No put cement for him body o. Water wey enter no go see road comot." Òótọ́ ló sọ, ohun kan náà sì ni ìwé sọ. Omi díẹ̀ kò ní ṣàì wọ inú ògiri amọ̀, láti ilẹ̀ tàbí láti ojú òrùlé. Bí ara rẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, omi náà yóò gbẹ. Bí o bá fi sìmẹ́ǹtì líle bò ó, omi yóò há sínú, amọ̀ yóò máa rọ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì níbi tí ojú kò tó. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àṣekágbá mi. Wọ́n fún mi ní máàkì fún un.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú wa máa ń lọ láti ilé dé ilé ní ọjọ́ Sunday kan lóṣù, àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn ọmọ mọ́sálásí papọ̀. Ẹni tó bá kọ́lé, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ó nílé. Bí ipò rẹ bá kàn tí o kò bá gbà wọ́n, o padà sí ìparí ìlà. Ní gbogbo ọdún tí ìyá mi fi wà nínú ẹgbẹ́, ilé onílé kò jẹ́ kó gbà wọ́n rí. Ilé àwọn ẹlòmíràn ló ti máa ń bá wọn fọ abọ́. Wọ́n fún un ní ìpàdé October.

Alága wa, ọ̀gá báńkì kan tó ń gbé ní GRA, ní òun yóò kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀. Ó dé, ó dúró sínú pálọ̀, kò jókòó.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé náà wà?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

"Rárá, mo fẹ́ mọ̀ ni. Èyí tí mo ń wò yìí, ṣé ilé ewúrẹ́ ni tàbí yàrá ìpamọ́? Ẹ fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ní Benin, ẹ wá lọ kọ́ ohun tí ìyá ìyá yín sá fún?" Ó yíjú sí mi. "Ẹnjiníà obìnrin, ṣé èyí ni wọ́n kọ́ yín? Àwọn ará Benin yóò gbọ́ pé àwa ọmọ Yorùbá kò lè ra sìmẹ́ǹtì. Kẹ́ ẹ tó pè wá, ẹ bá mi fi nǹkan bò ó."

Mo lè sọ̀rọ̀. Mo ní gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Mo lè bi í ìdí tí pálọ̀ tirẹ̀ ní GRA, tó fi kọnkéré kọ́ láti ilẹ̀ dé òkè, fi máa ń gbóná bí ààrò, tí fáànù márùn-ún fi ń fẹ́ ooru sí wa lójú nígbà tí a bá ṣèpàdé níbẹ̀. N kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà "ṣé èyí ni wọ́n kọ́ yín" ti wọ̀ mí lára. Ojú tì mí níwájú ọkùnrin tí kò mọ ohun tó ń sọ.

Nígbà tó lọ, ìyá mi jókòó sórí garawa rẹ̀.

"Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ṣé kò ní ṣe ilé ní nǹkan kan?"

"Kò ní ṣe é ní nǹkan kan, Màmá," ni mo wí.

Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ẹ̀bi àwọn yòókù wà nínú àìmọ̀. Tèmi kò sí nínú àìmọ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ̀, mo sì sọ òdìkejì rẹ̀ fún ẹni tó gbà mí gbọ́.

Alága rán bíríkìlà tirẹ̀ wá. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ara ògiri ṣì tutù, ó yẹ kí a dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpàdé kò lè dúró. Bíríkìlà náà mú àáké, ó ń ṣá ara àwọn búlọ́ọ̀kù náà kí sìmẹ́ǹtì lè dì mọ́ wọn. Ara tí a fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tọ́jú, ó ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ wa bí èèpo ẹ̀yìn igi. Ó kan wáyà mọ́ ọn. Ó fi sìmẹ́ǹtì bò ó, nínú àti lóde, láti iwájú ilé dé àwọn yàrá. Ní ilé ìdáná lẹ́yìn, sìmẹ́ǹtì tán. Mo béèrè bóyá kí a ra sí i.

"Ta ló fẹ́ dé ibẹ̀?" ni ó wí. "Àlejò kì í lọ síbi ìkòkò."

Pa wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì láti wá fi amọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rírẹ́ náà. Ó dúró sí títì. Kò bínú, n kò rí ìbínú. Ó kó ọkọ́ àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó ní, "Una don kill am," ó lọ. N kò rí i mọ́.

Ìpàdé October dùn. Wọ́n kun ilé náà ní ọ̀dà kíríìmù. Alága lu ògiri pálọ̀ gbàmgbàm, ó ní, "Ẹ ò wá rí i? Báyìí ni ilé!" Ìyá mi ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú lọ́rùn, ó so ó mọ́ okùn bí ọmọ iléèwé. Kò sí ẹni tó dé ilé ìdáná.

Ó gbé inú ilé náà fún ọdún mẹ́rin. N kò ní sọ pé kò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òjò kejì ni ọ̀dà ti ń wú nísàlẹ̀ ògiri. Ní ọdún kẹta, ó pè mí lórí fóònù, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn.

"Ẹnjiníà mi, ògiri yàrá mi ń dún."

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Bí igbá òfìfo. Gbọ́." Ó gbé fóònù sí i, ó fi ìka lù ú. Kó, kó, kó.

Mo wá. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ lu gbogbo rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ti já kúrò lára amọ̀, òun àti wáyà nìkan ló dá dúró, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù bí fùfú. Mo sọ fún un pé a gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò kó lè gbẹ.

"Kí n bọ́ aṣọ lára ilé mi lójú gbogbo ẹgbẹ́?"

"Màmá, ilé náà ń jẹrà."

"Ìwọ lo ní kò ní ṣe é ní nǹkan kan."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. N kò takú. Ó yẹ kí n mú òòlù lọ́jọ́ náà, kí n ṣí i tipátipá, kí ó bá mi jà. Mo padà sí ibi iṣẹ́ mi. Ó sọ fún Alága, Alága rán bíríkìlà rẹ̀ wá, ó fi sìmẹ́ǹtì mìíràn lẹ̀ ẹ́ lórí èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹrù kún ẹrù lórí ohun tí kò lágbára mọ́.

Òwúrọ̀ Saturday kan ni, òjò ń rọ̀. Ìyá mi wà ní ilé ìdáná, ó ń se ẹ̀wà. Ògiri yàrá rẹ̀ ṣubú síta lẹ́ẹ̀kan náà, ti pálọ̀ tẹ̀ lé e, òrùlé sì tẹ̀ wá sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn aládùúgbò bá a ní ìdúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ògiri mẹ́rin ilé ìdáná dúró yí i ká, pupa, láìní ibi sísán kan lára. Ẹ̀wà ṣì ń hó lórí sítóòfù.

Ẹgbẹ́ wá kí wa. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé wọlé lọ́tẹ̀ yìí nítorí pé iwájú kò ṣeé gbà, wọ́n sì dúró sínú ilé ìdáná náà, wọ́n fara ti ògiri rẹ̀, wọ́n ń mi orí. Alága ní, "A sọ fún un. Amọ̀!" Èjìká rẹ̀ wà lára amọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, eruku pupa wà lẹ́yìn agbádá funfun rẹ̀. N kò sọ fún un.

Mo mú ìyá mi wá sí yàrá méjì tí mo padà wá háyà ní Ugbowo, ní Benin. Ilé onílé. Kò sí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń ti ilẹ̀kùn. Ó máa ń fi ìka lu ògiri kó tó fẹ̀yìn tì í, kó, kó, kó, yóò sì tún yí padà lọ jókòó sí àárín yàrá. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú Uwasota wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ mi, tó gbọ́ Yorùbá tí kì í sọ ọ́, bi í pé, "Grandma, which door e dey open?" Ó ní, "Tèmi ni."

Ní ọdún kejì tó wà lọ́dọ̀ mi, tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ní ọ̀sán kan tí mo ń bọ́ ọ ní ògì, ó béèrè lọ́wọ́ mi.

"Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́ nípa sìmẹ́ǹtì yẹn, ṣé o mọ̀?"

Mo lè purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. "Mo mọ̀, Màmá."

Ó gbé ògì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó ní kí n bá òun ṣí fèrèsé. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú, kò sì pè mí ní Ẹnjiníà mọ́. Orúkọ tí ó sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ ló ń pè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gba àwọn òṣìṣẹ́ láti palẹ̀ mọ́ ní Uwasota. Àwọn ògiri iwájú kò fún wọn ní wàhálà, ọkọ́ ni wọ́n fi kó wọn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìdáná, wọ́n lù ú láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọwọ́ òòlù kan kán. Ọ̀gá wọn wá bá mi pé ṣé kọnkéré ló wà nínú rẹ̀ ni.

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀, láìsí òrùlé, òjò ń pa á láti ọdún náà wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rún díẹ̀díẹ̀ lókè. Mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ kí wọ́n lọ wò ó kí wọ́n tó tún dárúkọ ìyá mi nínú ìpàdé. Akọ̀wé dá mi lóhùn pé Uwasota jìnnà.